Iye tí wọ́n ta rélùwéè kékeré kọ́ ló ń sọ bó ṣe dára tó

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàtẹ rélùwéè kékeré kan tí wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn ìjọ níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo dúró lẹ́yìn àbúrò kan tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú eré yìí. Ó di páálí mú, £265 ló wà lára ẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ bàbá kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ bóyá kí òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Bàbá náà, Yorùbá bíi tiwa, gbá a léjìká. Wọ́n ní, “Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní iye tí wọ́n ń tà á yìí, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Gbé e lọ sílé, jàre.”

Wọ́n jù mí lọ dáadáa, mi ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn láàárín èrò. Àmọ́ inú bí mi títí mo fi délé. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn, òyìnbó ń sọ ọ́, àwa náà ń sọ ọ́, ọdún 11 sì nìyí tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn tó gbà á gbọ́ ṣe lórí tábìlì ilé ìdáná mi.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí: ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni, tí wọ́n sọ di kékeré, ìdá 1 nínú 76 ti ojúlówó. Ọ̀nà irin tó ń tọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 16.5, iná 12 volt ló sì ń lò. OO ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yìí níbí. Àwọn kan máa ń ra ẹyọ-ẹyọ, wọ́n á sì tò ó fúnra wọn. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó ti pé látinú páálí, tó jẹ́ pé o kàn máa gbé e sórí irin ni, kó máa lọ. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan ti wà á lọ wà á bọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo gbà ní kékeré nìyẹn, kò sì tíì kúrò lára mi.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí £265 yẹn ń rà. Mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń da ara ẹ́ńjìnnì tuntun kan lè gbà tó £100,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì ń ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan kì í ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Owó mọ́ọ̀dù yẹn gbọ́dọ̀ pín sórí wọn. Lẹ́yìn náà ni owó ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, ní Guangdong, ní Ṣáínà, ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń tò ó. Ọwọ́ èèyàn ló ń fi ẹ̀mú kékeré mú páìpù tó tín-ínrín bí òwú, tó ń kán gọ́ọ̀mù sí i, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tó sì tún ń mú òmíràn.

Ẹ́ńjìnnì ogójì ọdún sẹ́yìn kò ní nǹkan púpọ̀ lára. Ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dà á. Mọ́tò, gíá mélòó kan, wíìlì, ó parí. Tòde òní, igba ẹyọ, ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dára débi pé 1 péré nínú 1,000 ló ní wàhálà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bú ẹni tó ṣe é. Ká wá ní ẹ́ńjìnnì náà ní ẹyọ 300. Ẹ fi 0.999 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà 300, ohun tí ẹ máa rí kò ju 0.74 lọ. Ìyẹn ni pé nínú ẹ́ńjìnnì 100, nǹkan bíi 26 ló máa ní, ó kéré tán, ẹyọ kan tí kò tọ́. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní ẹyọ 40 ńkọ́? Nǹkan bíi 4 nínú 100.

Ohun tó gbé owó ẹ́ńjìnnì yìí sókè gan-an ló ń bí àbùkù rẹ̀. Ẹyọ tó pọ̀, tí wọ́n fọwọ́ lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun lẹ ń sanwó fún, òun náà ló ń jábọ́, òun ló ń há, òun ló ń yẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé owó ńlá ni gárántì ti gbé ọ̀rọ̀ dojú dé.

“Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.” Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń yẹ ọjà wò ní fákìtírì ń lò káàkiri ayé, ISO 2859-1 lorúkọ rẹ̀. Tí ọjà tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan bá wà láàárín 1,201 sí 3,200, ẹyọ 125 ni wọ́n máa ṣà jáde nínú rẹ̀ ní ìpele tó wọ́pọ̀ jù. Tí wọ́n bá wá lo ìwọ̀n 2.5 fún àbùkù tí wọ́n lè fara mọ́, wọ́n lè rí àbùkù lára 7 nínú 125 yẹn kí wọ́n ṣì buwọ́ lù ú pé ó dára, kó wọ ọkọ̀ òkun. Ó di ìgbà tí wọ́n bá rí ìkẹjọ kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Àwọn tó kù, tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ẹnikẹ́ni kò ṣí páálí wọn. Mo gbà pé ilé iṣẹ́ lè yan ìwọ̀n tó le ju 2.5 lọ, àwọn kan sì máa ń tan gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn níná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó fún gíá láti gbóná.

Ọ̀kan wà nínú àwọn àbùkù yìí tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú rí ní fákìtírì, kódà kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ṣáásí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, irin tí wọ́n dà ni. Zamak làwọn kan ń pè é, Mazak lorúkọ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síǹkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, alumíníọ́mù bíi 4 nínú 100, pẹ̀lú bàbà àti màgnẹ́síọ́mù tín-ń-tín. Irin tó dára ni, ó wúwo, ó sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀. Àmọ́ tí òjé bá fi lè kó sí i nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ báyìí, irin náà lè máa jẹrà láti inú wá. Á wú, á tẹ̀, á sán, á di ẹbu. Kò sí oògùn ẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Mọ́tò ìṣeré Dinky àti wíìlì rélùwéè Hornby tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ wọn ti fọ́ yángá nínú àpótí àwọn tó ń kó wọn jọ. Láti 1929 ni ilé iṣẹ́ New Jersey Zinc ní Amẹ́ríkà ti fi síǹkì tó mọ́ dé 99.99 nínú 100 yanjú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2000 ṣì ń wú. Ohun tó fà á kò ju pé ẹnì kan da àjákù irin tó ní òjé sínú ìkòkò ìdà lọ. Ìkòkò yẹn kò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì £60 ni òun ń dà tàbí ti £300.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ti tọ́jú ẹ̀ sínú páálí fún ọdún 9, kò tíì fi rìn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, nítorí ó ní ọjà iyebíye ni. Lójú, kò ṣe nǹkan kan, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Mo gbé e sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Wíìlì iwájú àti tẹ̀yìn kan gíláàsì. Ti àárín dìde, mo sì ti ìwé tí mo ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́rin gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo tú skúrú méjèèjì, ara rẹ̀ kò bọ́. Ṣáásí ti wú mọ́ ọn nínú bí ẹsẹ̀ tó wú nínú bàtà. Nígbà tó bọ́ níkẹyìn, ìdí ṣáásí náà ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì, eruku eléèérú dà sórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú fóòmù, ó dé páálí, ó ní ká má tíì sọ fún ìyàwó òun.

Tèmi náà wà níbẹ̀. £239 ni mo ra á, irú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú láyé ọjọ́un, oníwíìlì ńlá mẹ́fà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń tiro: wíìlì á yí lẹ́ẹ̀kan, á takú díẹ̀, á tún lọ. Mo dojú ẹ̀ dé sórí fóòmù, mo yọ mọ́tò, mo wá ń fi ìka yí wíìlì jẹ́jẹ́. Irin gbọọrọ tó so àwọn wíìlì pọ̀ lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́rin ìyípo yàtọ̀ sí ti òsì, dígírì 90 géérégé, lórí ọ̀pá wíìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ọ̀pá àárín yẹ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé ibẹ̀, irin gbọọrọ náà á gbé orí sókè, á há. Wọ́n gbà á padà, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Mo mi páálí kejì, nǹkan ń ró nínú rẹ̀: àkàsọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti jábọ́, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ṣì wà níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹta ló rìn. Lórí ọ̀nà irin kan náà, ẹ́ńjìnnì àlòkù tí mo ra ní £35, tó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, kò tiro rí.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti fọ́ ọ. Ṣé ojú ọ̀nà ló yẹ dígírì wíìlì, àbí ojú ọ̀nà ló da òjé sínú síǹkì? Wọ́n á ní ilé iṣẹ́ tó lórúkọ kò lè ta ìranù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ yẹn kò ní fákìtírì tiwọn. Wọ́n ń gba àyè lọ́dọ̀ ẹlòmíì tó ń ṣe ti ẹgbẹ́ wọn náà ni. Wọ́n á ní ẹni tí tiẹ̀ bàjẹ́ ló ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ló ń rìn dáadáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń bá jà ni “gbé e lọ sílé, jàre.”

Torí pé gbólóhùn yẹn ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 níbí fún ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, títí di oṣù 6, wọ́n gbà pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ẹni tó tà á bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó láǹfààní láti kọ́kọ́ tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá kọjá oṣù 6, ẹni tó rà á ló máa wá ẹ̀rí. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gbọ́, tó gbé páálí sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí di Kérésìmesì, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọjọ́ 30 yẹn nù.

Mo rí àbúrò yẹn níta gbọ̀ngàn kó tó wọ mọ́tò. Ó ti ra á. Mo ní kó gbé e wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó wá, a tò ọ̀nà irin róbótó sórí tábìlì, a fi ẹ́ńjìnnì náà sí i láìso ọkọ̀ kankan mọ́ ọn. Ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò pariwo, inú àbúrò dùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i?” Mo ní ká jẹun. Nígbà tó pé bí ìṣẹ́jú 25, a gbọ́ ọ láti ibi tá a jókòó sí: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí.

Mo tú ìdérí abẹ́ ẹ̀. Gíá kékeré funfun tó wà lórí ọ̀pá wíìlì ti là, ìlà tín-ínrín bí irun, láti àárín eyín méjì wọnú dé ihò. Ike ni gíá yẹn, tipátipá ni wọ́n sì fi tì í sórí ọ̀pá irin. Ike ń súnkì, irin kì í súnkì, nígbà tó bá yá ike á là. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn kó lè rí i dáadáa. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì mú rìsíìtì jáde nínú àpò. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Ó ku 26.