Orúkọ Wo Gan-an Ni Ọsàn Yìí Ń Jẹ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọmọ igi ọsàn lẹ́bàá títì ní Gbàgádà ti sú mi pátápátá. Igi yòówù tó bá ti ní ẹ̀gún lára, tí ewé rẹ̀ sì ń dán, "àgíríìkì" ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá òroǹbó ni tàbí tanjaríìnì, èsì tí ẹ ó gbà ni, "Mọ̀mí, ẹ ṣáà lọ gbìn ín, á dùn." Èyí tí wọ́n tà fún mi ní tanjaríìnì ní pélébé ìwé kan lára ọ̀rá dúdú rẹ̀, òjò rọ̀, gbogbo tàdáwà orí rẹ̀ ṣàn lọ. Nígbà tí ewé rẹ̀ gbó, mo rí ìyẹ́ fífẹ̀ ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń rí i lára gírépù, bẹ́ẹ̀ ìdí ewé tanjaríìnì tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Mo gbà pé ìdílé ọsàn ṣòro láti pín sí ẹ̀yà, nítorí àmúlùmálà ló pọ̀ jù nínú wọn. Òroǹbó tí à ń mu, ṣádọ́ọ̀kì (ọsàn ńlá tí èèpo rẹ̀ nípọn) àti ẹbí tanjaríìnì ló para pọ̀ bí i. Òroǹbó yìí kan náà tún pàdé ṣádọ́ọ̀kì ní erékùṣù Barbados, wọ́n bí gírépù. Ìdí nìyẹn tí Swingle, onímọ̀ nípa ewéko ará Amẹ́ríkà, fi ka ẹ̀yà ọsàn 16, tí Tanaka, akẹgbẹ́ rẹ̀ ará Japan, sì ka 162.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ọlọ́jà wá parí ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé? Ẹni tó gé ẹ̀ka lórí igi kan, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò òmíràn, mọ igi tó ti gé e, irú èso igi yẹn gan-an ni ẹ̀ka náà yóò sì so. Kí ló wá dé tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀? Èyí tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé wọn kì í sọ irú gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀ka òkè bá kú, gbòǹgbò náà, tó sábà máa ń jẹ́ ti lẹ́mọ́ọ̀nù tí èèpo rẹ̀ rí págunpàgun, á rú tirẹ̀ jáde, ẹni tó rà á á sì máa bomi rin igi tí kò ná rárá. Kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sára ọ̀rá náà, kí wọ́n sì fi tàdáwà tí omi kò lè wẹ̀ nù kọ ọ́. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀.