Ọ̀rá ara kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fọ̀ dànù

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n màmá mi mu tíì kan fún oṣù méjì gbáko. Wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ara, pé ẹni tí kò bá ní ọ̀rá lára ló ń pẹ́ láyé. Ìgbẹ́ gbuuru ni tíì náà fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jìn wọnú, apá wọn gbẹ, ṣùgbọ́n ikùn wọn wà bó ṣe wà. Ó dùn mí wọra, torí ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọ̀rá kì í bá ìgbẹ́ jáde. Bí ara bá jó kílò 10 ọ̀rá, nǹkan bí kílò 8.4 nínú rẹ̀ ló ń bá èémí jáde, ìyókù á di omi. Omi ara ni tíì ń lé síta.

Irọ́ tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀tá ẹ̀mí ni ọ̀rá fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní ọ̀rá lára. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Brazil kan, Waldemar Berardinelli, kọ nípa wọn ní 1954; Martin Seip kọ tirẹ̀ ní Norway ní 1959. Bí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ ó rò pé eléré ìdárayá ni wọ́n: iṣan yọ gbọ̀ngbọ̀n lápá, ó yọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn wọn ga, torí ẹ̀dọ̀ wọn ti wú. Ọ̀rá tí kò rí ilé gbé ló ya lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Ebi kì í kúrò lára wọn, àtọ̀gbẹ ń mú wọn ní kékeré, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rí ọjọ́ ogbó.

Ẹ wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń ṣe. Kẹ́ẹ̀gì epo ni. Ẹ̀kán epo ńlá kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó ti gbogbo nǹkan yòókù mọ́ ẹ̀gbẹ́. Èròjà kan tó ń jẹ́ perilipin yí epo náà ká bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà; kì í jẹ́ kó tú síta àfi tí ebi bá dé. Sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà ló ń fi leptin, tí wọ́n rí ní 1994, ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ tó. Ní 2000, àwọn onímọ̀ mú eku tí kò ní ọ̀rá, tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, wọ́n fi ọ̀rá eku mìíràn sí abẹ́ awọ rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n fi kún un o, ara rẹ̀ sì yá!

Ti ẹ̀mí gígùn ńkọ́? Aràn kan wà, C. elegans, tí kò ju mìlímítà kan lọ. Ní 1993, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Cynthia Kenyon, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí daf-2, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú ara) rẹ̀, bá yàtọ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ ń ju ìlọ́po méjì lọ. Aràn wọ̀nyẹn kò gbẹ. Ọ̀rá inú wọn pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2003, ní Boston, àwọn onímọ̀ ṣe é tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àwọn eku kan kò fi gbọ́ ohùn insulin, èròjà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó gba ṣúgà wọlé, mọ́. Àwọn yẹn tín-ín-rín, wọ́n sì fi nǹkan bí ìpín 18 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan lọ́ràá, ìkejì ò lọ́ràá, àwọn méjèèjì pẹ́.

Ibi tí ọ̀rá kó sí lọ̀rọ̀ wà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ àjẹkì: kẹ́ẹ̀gì tó kún àkúnya náà ń dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dàgbà, ọ̀rá abẹ́ awọ ń ṣí kúrò nílé. Ẹ rọra fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà kan, ẹ ó rí i bó ṣe fẹ́lẹ́, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá tó kúrò níbẹ̀ ń lọ sí ikùn, sí ẹ̀dọ̀, sí àárín iṣan, níbi tó ti ń ṣèpalára.

Ẹ̀yin màmá wa, ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sílẹ̀. Ìró yín ni kí ẹ wò: bí èyí tó ń yí yín ká dáadáa kò bá yí yín ká mọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ sì ń tín-ín-rín, ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò.