Sípíkà fóònù kò tó fún àwo gìtá tó rọlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé orin tó bá ti rọlẹ̀, gìtá nìkan láìsí ìlù, kò fẹ́ ẹ̀rọ kan pàtó. Fóònù tó o, kí sípíkà ńlá máa bá orin aláriwo lọ. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí.

Ẹ wo Bay of Kings, àwo tí Steve Hackett gbé jáde ní 1983. Òun ló ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Genesis láti 1971 sí 1977. Gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ló jẹ gàba nínú àwo yìí.

Bí a bá ta okùn tó nípọn jù láìtẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó tẹ̀lé e ń gbọ̀n ní 110, 147, 196 àti 247. Èyí tó tín-ín-rín jù ló dé 330. Sípíkà inú fóònù kéré jù láti ti afẹ́fẹ́ tó fún ìró tó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 300 lọ. Okùn márùn-ún nínú mẹ́fà ti pàdánù ìpìlẹ̀ ohùn wọn nìyẹn! A ṣì ń dá orin náà mọ̀ torí pé ọpọlọ ń ti ara àwọn ìró òkè, ìyẹn àwọn ohùn tó ga ju ìpìlẹ̀ lọ tí okùn kan náà ń mú jáde, mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà, ìdí sì nìyí tí ìgbàgbọ́ yìí kò fi kú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtàǹpàkò Hackett lórí àwọn okùn nípọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Gìtá iná tí wọ́n mú ohùn rẹ̀ ha kún fún ìró òkè, fóònù á ṣì rí nǹkan gbé níbẹ̀.

Ẹ má sì kàn tan ohùn sókè. Èékánná àti ìka tó ń yọ̀ lórí okùn ló máa kọ́kọ́ pariwo.

Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú tó dí etí dáadáa sàn ju fóònù lọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: bí ìró ìsàlẹ̀ bá pọ̀ sí i, rọ́bà rẹ̀ kò bá etí yín mu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pa gbogbo àfikún bẹ́ẹ̀sì orí fóònù, kí ẹ sì pa fáànù, torí ìparí ìró náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín gan-an. Bó bá jẹ́ sípíkà méjì ni, ẹ gbé wọn kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá kí ìsàlẹ̀ má baà dún wùùù.

Ẹ fi orin "Kim" inú àwo yìí dán an wò, níbi tí John, àbúrò Hackett, ti ń fọn fèrè. Bí fèrè bá mọ́lẹ̀ ketekete tí ẹ kò gbọ́ okùn nípọn lábẹ́ rẹ̀, ẹ padà sídìí rọ́bà yẹn.