Níbo La Ti Lè Rí Ọ̀run Móoru Wò?

Ẹ jọ̀wọ́, odindi Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá, ni mo ń wá o. Kì í ṣe àjákù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà sí lójú. Odindi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ohùn rẹ̀ sì já gaara.

Bàbá mi ló ní àwọn fẹ́ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Sinimá kan n'Íbàdàn ni wọ́n ti wò ó kẹ́yìn, wọn ò tíì bí mi. Wákàtí méjì ni mo fi wá a lórí fóònù, dátà tán. Apá kìíní wà, apá kejì kò sí. Àwòrán ṣú bí inú ìkòkò. Ẹnu Bàbá Sàlá á ti pa dé tán kí ohùn tó jáde. Bàbá mi wò ó díẹ̀, wọ́n ní kí n pa á. Ó dùn mí dé egungun.

Ọdún 1982 ni wọ́n ṣe fíìmù yẹn, Ola Balogun ló darí rẹ̀. Kó tó ráyè kárí ìlú, àwọn olè ti dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè ló wọ Moses Olaiya, Bàbá Sàlá fúnra wọn, lọ́rùn. Bàbá náà kú ní 2018. Wọ́n jí iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n wà láyé. Ní báyìí tí wọn ò sí mọ́, ẹ̀dà olè yẹn náà la tún ń ṣa jẹ!

Fíìmù Àjàní Ògún ti 1976 ńkọ́? Dúró Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀, òun pẹ̀lú Adé Love. Ládiípọ̀ tó gbé eré orí ìtàgé Ọba Kò So kárí ayé! Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló di olóògbé. Àwọn ọmọ wa ń ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 1979, Ìjà Òmìnira. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, tí a fi ń yangàn láti 1959, eré Aláwàdà ti Bàbá Sàlá ayé ọjọ́un tó ń jáde níbẹ̀ dà?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ó ti pẹ́, pé ó ti bàjẹ́. Shaihu Umar, fíìmù Hausa, 1976 kan náà ni wọ́n ṣe é. A ti gbà pé ó sọnù pátápátá. Jos ni wọ́n ti rí i ní 2016! Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi hàn ní Berlin ní 2018. Nílé wa níbí ló wà ní gbogbo ìgbà tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo ń sanwó sí lóṣooṣù láti wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó fíìmù àwọn aláwọ̀ dúdú jọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀: Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà. Wọ́n dáa, mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ ṣé àwa ò dúdú tó ni?

Ẹ̀yin tí agolo fíìmù wọ̀nyí wà lábẹ́ ibùsùn yín, àti ẹ̀yin tí ìjọba fi kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn sí lọ́wọ́, ẹ gbé e jáde. Ẹ dá iye lé e, a ó san án. Ẹni ọdún 78 ni bàbá mi. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí wọ́n tó rí i wò?