Wọ́n ka sack Deacon Jones, kì í ṣe àsọdùn

Bí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ń jiyàn lórí ẹni tó mọ quarterback, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ṣánlẹ̀ jù kó tó jù ú, ohun tí wọ́n ń pè ní sack, Bruce Smith àti Reggie White lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí àgbàlagbà kan bá wá dárúkọ Deacon Jones, kíá ni wọ́n á ní kó lọ wo àkọsílẹ̀ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pé kò sí sack kan ṣoṣo lórúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní àsọdùn àwọn baba ni, pé ta ló kà á?

Wọ́n kà á. Ọdún 1982 ni NFL ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sack sílẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Jones ti wọ Los Angeles Rams láti 1961, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1974. Ìyẹn ni pé gbogbo sáà 14 tó fi gbá bọ́ọ̀lù ló ti kọjá lọ kí wọ́n tó rántí ìwé. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Àwọn olùwádìí méjì, John Turney àti Nick Webster, ló padà lọ tú àkọsílẹ̀ àwọn ìdíje àtijọ́, tí wọ́n ń wá ẹni tó gbé quarterback ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2021, Pro Football Reference, ìkànnì tó ń kó àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù yìí jọ, gbé iṣẹ́ wọn jáde, láti 1960 títí dé 1981. Jones ní 173.5. Ààbọ̀ yẹn wá nítorí pé bí èèyàn méjì bá jọ gbé e ṣubú, wọ́n máa ń pín in ni. Smith ní 200, White ní 198, Jones ló sì tẹ̀ lé wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n gba iṣẹ́ wọn gbọ́ ni pé wọn kò gbè sẹ́yìn Jones. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń sọ pé ó ní 26 ní 1967. Nígbà tí wọ́n kà á dáadáa, 21.5 ni wọ́n rí, 21.5 náà ni wọ́n sì kọ. Ẹni tó fẹ́ bu iyì kún un kò ní yọ ọ́ kúrò. Ó ní 22 ní 1964, ó tún ní 22 ní 1968, nígbà tí sáà kan kò ju ìdíje 14 lọ, táwọn ẹgbẹ́ kì í sì í ju bọ́ọ̀lù tó ti òde òní.

Ẹ tún pín in sí ìdíje. Smith gbá 279, White gbá 232, Jones gbá 191. Ti Jones ju 0.9 lọ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, ti White jẹ́ 0.85, ti Smith kò ju 0.72 lọ.

Àwọn kan á ní ìgbátí ló fi ṣe é, pé òfin kò gbà á. Òfin gbà á nígbà náà. Ní 1977 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é, nígbà tí Jones ti wà nílé. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti dún gbàà lára akoto ẹni tó dojú kọ ọ́. Onítọ̀hún á ṣẹ́jú, orí rẹ̀ á yí díẹ̀, Jones á sì ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbátí kì í sáré bá quarterback. Eré sísá rẹ̀ ló jẹ́ kí Rams mú un ní ìpele 14 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 1961: fíìmù àwọn asárégbébọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò, ni wọ́n bá rí olùgbèjà sìgbọnlẹ̀ kan tó ń sáré ju àwọn tí wọ́n wá wò lọ.

Kò sì mọ sórí Jones nìkan. Al Baker ti Detroit Lions ní 23 ní 1978, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Michael Strahan ní 22.5 ní 2001, wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Láti 2013, ọdún tí Jones kú, NFL ti ń fún ẹni tí sack rẹ̀ pọ̀ jù ní sáà kọ̀ọ̀kan ní àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ Jones. Kí wọ́n kọ 173.5 rẹ̀ sínú ìwé wọn pẹ̀lú.