Luther kò yọ ìwé Jákọ́bù kúrò nínú Bíbélì

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, yọ ìwé Jákọ́bù kúrò nínú Bíbélì, torí ìwé náà ní òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ní 1522, ó pè é ní ìwé koríko gbígbẹ (ọ̀rọ̀ burúkú, kí n má parọ́), ó sì yọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ Jákọ́bù sí èdè Jámánì. Ó kàn tì í sẹ́yìn ni: nínú àtòkọ ìwé Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀, ìwé 23 ló ní nọ́ńbà, Hébérù, Jákọ́bù, Júúdà àti Ìfihàn wà nísàlẹ̀ láìní nọ́ńbà. Tí ẹ bá fẹ́ bá a jà, ọ̀rọ̀ “nìkan” tó fi kún “ìgbàgbọ́” nígbà tó ń túmọ̀ Róòmù 3:28 ńkọ́?