Òyìnbó dọ̀bálẹ̀, ó tán?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú: Ẹ kú ilé o. Ìwé ìtàn àròsọ tí mò ń kọ ti dé orí keje. Ọmọ Ẹ̀gbá kan, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ní Virginia ló ti fẹ́ òyìnbó ní 1964, ni wọ́n bá jọ wálé. Bàbá yarí. Òyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó gbà. Ẹ bá mi wò ó.

Akọ̀wé Kútọ̀: Virginia, 1964 kẹ̀? Òfin ibẹ̀ kò gbà kí funfun àti dúdú fẹ́ra wọn nígbà náà. Washington, D.C. ni Richard Loving, ọkùnrin funfun, àti Mildred, obìnrin dúdú, lọ ṣègbéyàwó sí ní 1958. Bí wọ́n ṣe padà sí Virginia, ọlọ́pàá wọlé bá wọn lórí ibùsùn lóru. Adájọ́ ní wọn ò gbọdọ̀ jọ wọ ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 25! Oṣù Kẹfà 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó wọ́gi lé e, ìpínlẹ̀ 16 ló sì ṣì ń lo irú òfin yẹn. Ẹ fi ìtàn sílẹ̀, ẹ ń kọ ìdọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá: Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa kọ́ la ṣòfin Amẹ́ríkà. Bàbá Ẹ̀gbá wo ló ń béèrè àwọ̀ kó tó béèrè ilé? Ọmọ ta ni? Ṣé wèrè kì í ṣe wọ́n nídìílé wọn? Ta ni bàbá yìí fẹ́ rán lọ wádìí ní Virginia? Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọmọ Aké: Mi ò gbà, ìyá wa. Bùrọ̀dá mi mú ará Jámánì wálé, ijó la jó. Àǹtí mi mú ẹni tó dúdú bí àwa wá, kò ṣáà gbọ́ Yorùbá, ọdún méjì ni wọ́n fi yarí. Ká ní dúdú bíi tirẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá inú ìwé yìí, ṣé á rẹ́rìn-ín?

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá: Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí le o.

Akọ̀wé Kútọ̀: Ẹbí lè yí padà kí ìjọba máà yí. Lọ́ńdọ̀nù ni Seretse Khama, ọmọ ọba láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Botswana lónìí, ti fẹ́ Ruth Williams, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ní 1948. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀, fàáké kọ́rí, àmọ́ nígbà tó di 1949 àwọn ará ìlú ti gbà. Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wọn ló lé e kúrò nílùú, torí wọn ò fẹ́ kí South Africa, tí kò gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, bínú. 1956 ló tó padà.

Ọmọ Aláró: Èmi ò mọ òfin. Ìyá dà? Ẹ ní àdìrẹ ló ń ṣe, kò sì sọ gbólóhùn kan. Ọwọ́ ìyá tèmi, aró ti mú un dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti wọ abẹ́ èékánná, kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò. Bí àlejò bá dé, abẹ́ ìró ló ń fọwọ́ sí. Òyìnbó yìí na ọwọ́ funfun sí i. Kí ló fi tirẹ̀ ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé ìgbéyàwó lọ sí Washington, bàbá ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ ṣì wà, Ọmọ Aké, ẹ máa bínú. Ti ọwọ́ yẹn ni ò jẹ́ n sùn. Mò ń lọ jókòó ti àwọn aláró nídìí ìkòkò aró lọ́la.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá: Kí wọ́n sì gbé làfún fún òyìnbó yẹn o, kì í ṣe ìrẹsì.